Ọjọ́ Tí A Tú Ẹrù Ìyá Gánà

Agogo méje àárọ̀

Nílé wa ní Ìréè, a kì í tú ẹrù òkú kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó kọjá. Àdúrà ti kọjá, àwọn tó yá wa ní àga ti wá kó àga wọn, a wá mú ọjọ́ Sátidé. Oòrùn kò tíì mú rárá tí Ìyá Ìkìrun fi dé. Àbúrò ìyá wa ni, ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìkìrun ló sì ti wá, nítorí ẹbí ní a kò gbọdọ̀ ṣí yàrá náà láìsí àgbà níbẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin kúnlẹ̀ kí i, àbúrò wa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ó gbàdúrà, ó tú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró rẹ̀, ó ní kí èmi àkọ́bí wá ṣílẹ̀kùn.

Lójú tèmi, àbúrò mi obìnrin ló yẹ kó ṣí i. Òun ló mọ ìyá wa. Kùmásì ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn ìyá wa ló sì dàgbà sí. Èmi, Ìréè ni wọ́n bí mi sí ní 1960. Bí wọ́n ṣe já mi lẹ́nu ọmú ni bàbá àti ìyá mi wọkọ̀ lọ sí Gánà, wọ́n fi mí sílẹ̀ fún ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá àgbà yẹn ni mo pè ní Ìyá títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ẹni tó bí mi, Ìyá Gánà ni mo ń pè é bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, mi ò sì pè é ní nǹkan mìíràn títí a fi sin ín.

Mo ń kọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ sílẹ̀ nítorí pé irú ilé wa pọ̀ ní agbègbè yìí, láti Ìkìrun dé Ìlá, láti Ìníṣà dé Ẹ̀jìgbò: ilé tí ìyá ti wà láyé tí ọmọ sì dàgbà láìrí i. A mọ̀ wọ́n. A kì í sọ̀rọ̀ wọn.

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀

Aṣọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìkìrun mú tirẹ̀ ṣáájú, ìró àti bùbá lẹ́ẹ̀sì kan àti gèlè aṣọ òkè aláàárì, ó ní ó tó òun. Ìyókù di tiwa. Lábẹ́ àṣà wa, ohun tí obìnrin bá ní, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ kì í jogún aya. Ọ̀rọ̀ ìdí-igi àti orí-ò-jorí tó máa ń gbé àwọn ọmọ olórogún lọ sí kóòtù kò sì kàn wá níhìn-ín, nítorí inú kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde.

Aṣọ funfun tí ó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wà lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá, ó lọ̀ ọ́ tó le gan-an bí ẹni pé ọ̀la ni ìpàdé. Kì í ṣe ìjọ tó wà nílé nìkan ló sọ ọ́ di Onítẹ̀bọmi paraku bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n gbé ìjọ náà dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa ní 1969, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo pátápátá. Ìyá Gánà a máa sọ ìyẹn ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ owó tó sọ nù lọ.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀

Àbúrò wa ọkùnrin wọ báàgì Ghana-must-go méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí báàgì yẹn ṣe gba orúkọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà sì kó ẹrù wọn sínú irú báàgì yìí. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá wa ń bọ̀ nílé lẹ́ẹ̀kejì, òun àti àwọn àbúrò mi méjèèjì, wọ́n ń sá fún ọ̀gbẹlẹ̀ àti ìyàn tó mú Gánà lọ́dún náà. Ibi tí àwọn ará Gánà ti ń jáde ni òun ti ń wọlé. Ọmọ ìlú ni, ṣùgbọ́n nígbà tó dé bodè, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń yẹ̀wé wò fi ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ará ibẹ̀ ni òun náà. Ó fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n ní ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

Nínú báàgì kìíní: ìkòkò alumíníọ̀mù, ṣíbí ńlá ńlá, àti asanka, àwo amọ̀ tí inú rẹ̀ rí gbàgungbàgun tí àwọn ará Gánà fi ń lọ ata. Orí itan ló gbé e sí láti Kùmásì dé Ìréè kó má baà fọ́. Títí ó fi kú, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ lọ ata tí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ. Àbúrò mi obìnrin ti di asanka mú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Báàgì kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bébà ló kún inú rẹ̀.

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀

Páànù bisikíìtì mẹ́ta la bá níbẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n. Nínú èyí àkọ́kọ́, owó cedi kan wà, ti 1965, tí àwòrán Nkrumah wà lára rẹ̀. Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966, wọ́n sì pààrọ̀ owó náà ní 1967, nítorí náà ó ti di bébà lásán kí wọ́n tó lé ìyá wa. Ó tọ́jú u bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé gbèsè, ìwé kékeré olójú ewé tó ti pọ́n. Àbúrò mi obìnrin kà á: orúkọ oníbàárà, iye ìdì aṣọ tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n san, iye tó kù. Ìyá wa kò mọ̀wé. Akọ̀wé kan nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé ló ń bá a kọ ọ́, òun a sì fi ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó bá san tán. Láti àárín ìwé náà lọ, kò sí ìlà pupa mọ́.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ ìdí rẹ̀. Ní 1960, Yorùbá tó wà ní Gánà ju 100,000 lọ. Kò sí ọjà ńlá tí wọn kò sí, ní Accra, ní Kùmásì, ní Tamale, àwọn kan sì wà nídìí dáyámọ́ńdì ní Akwatia. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó máa lọ. Àwọn míì ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí. Ọ̀sẹ̀ méjì! Kí ni oníṣòwò lè tà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí gbogbo ará ọjà mọ̀ pé dandan ni kó lọ? Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè á kàn dúró títí ilẹ̀ fi ṣú ni. Wọ́n gba Togo, wọ́n gba Dahomey, wọ́n wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ, tí ìjọba tiwa náà ń wá owó ìbọn kiri.

“Ẹ jẹ́ ká ya ìwé yìí,” ni àbúrò wa ọkùnrin wí. “Gbogbo wọn ti kú.”

Ìyá Ìkìrun ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ló wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun dé, ó sì mọ ohun tí ìwé náà jẹ́.

Agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán

A jẹ iyán. Lórí oúnjẹ ni àbúrò mi obìnrin ti béèrè ohun tí kò béèrè rí lọ́wọ́ mi: “Àǹtí mi, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a dé?”

Mo rántí. Ọ̀yẹ́ ti ń fẹ́, Kérésìmesì kò jìnnà mọ́. Lọ́rì já wọn sílẹ̀ ní Ìkìrun, wọ́n wọ mìíràn dé Ìréè pẹ̀lú eruku lójú. Ìyá fà mí lọ́wọ́ jáde, ó ní kí n lọ kí ìyá mi. Obìnrin méjì ló wà níwájú mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìyá mi nínú wọn. Mo kúnlẹ̀ sáàárín. Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ṣé èyí náà nìyí?” Ó gbé ọmọbìnrin kan tó sùn lé èjìká. Kò gbé e sílẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn látìgbà náà. Àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ tó sùn yẹn, ní òun gbọ́ ìtàn ọjọ́ náà lẹ́nu ìyá wa lọ́nà mìíràn: pé ó sọ bẹ́ẹ̀ torí mo ti ga ju bó ṣe rò lọ, ojú sì tì í níwájú àwọn èèyàn pé òun kò dá ọmọ òun mọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè gbọ́ ohun tí àgbà kò fẹnu sọ.

Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn náà ni èdè. Bí òun àti àbúrò mi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, wọ́n á bọ́ sínú Twi. Èmi a wà nídìí ààrò, máa kóná mọ́ ọbẹ̀, máa fetí sí ohùn ìyá mi tó ń rẹ́rìn-ín lédè tí mi ò gbọ́.

Agogo mẹ́ta

Ooru mú, Ìyá Ìkìrun na ẹ̀yìn lórí ẹní. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ìyá tó bá fọmọ sílẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ, pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìran ìyá mi fi ọmọ sílẹ̀ níbi gbogbo, wọ́n sì kà á sí iṣẹ́ òbí. Àwọn tó lọ Gánà fi ọmọ fún ìyá wọn nílé kí ọmọ lè gbọ́ èdè, kó lè lọ sílé ìwé, kí ọwọ́ tiwọn sì lè ráyè ṣòwò. Àwọn tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọmọ fún àjèjì pátápátá. Láti nǹkan bí 1955, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni òbí wọn fi fún ìdílé òyìnbó pé kí wọ́n máa bá àwọn tọ́ ọ, àwọn a sì máa sanwó. Nínú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó ọmọ tí wọ́n ń wá alágbàtọ́ fún. Òṣèré Adéwálé Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1967, kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé nígbà tó di ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ìta òyìnbó tó ń lu èèyàn dúdú ló lọ bá kẹ́gbẹ́. Ó gbé ìtàn náà jáde nínú fíìmù Farming ní 2018.

Mo wo fíìmù yẹn, mo sì dúpẹ́ fún Ìyá. Ẹni tó tọ́ mi mọ oríkì mi, ó ń fi í jí mi láràárọ̀. Kò sí àfiwé láàárín yàrá ìyá àgbà ní Ìréè àti ilé àjèjì ní Tilbury. Síbẹ̀ ìbéèrè ọmọ méjèèjì kan náà ni: ṣé ẹ ń rántí mi níbi tí ẹ wà?

Agogo mẹ́rin ọ̀sán

Páànù kejì kò ní bébà nínú. Ìdì kékeré kan ni, aṣọ àǹkárá tó ti ṣá ni wọ́n fi wé e. Àbúrò mi tú u, ó ní, “Kí ni ti ìgbálẹ̀ níbí?”

Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni lóòótọ́, wọ́n tò jọ, wọ́n fi òwú dúdú dì wọ́n láàárín. Kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ méjì tí a fà gùn lọ. Mo gbé wọn sórí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó kúrú jù kò ju àtàǹpàkò mi lọ púpọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fi díẹ̀ jù ú. Èyí tó tún tẹ̀ lé e náà fi díẹ̀ jùyẹn lọ. Wọ́n gé orí àti ìdí gbogbo wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n gé e gún régé, kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ.

Ara mi mọ̀ ọ́n kí ọkàn mi tó mọ̀ ọ́n. Ìyá a máa ní kí n dúró lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, a fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka, a sì fi ọ̀bẹ gé e níbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ra bàtà fún ọmọ tí kò bá àgbà lọ sọ́jà. Á wá fi í rán ẹni tó ń padà sí Gánà. Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ku fẹ́ẹ́rẹ́, bàtà á dé pẹ̀lú èrò ọkọ̀. Lọ́dọọdún náà ló ń há mi, nítorí láàárín ìgbà tí ìgbálẹ̀ ń lọ àti ìgbà tí bàtà ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi kì í dúró. Mo máa ń rò nígbà yẹn pé ó rà á há nítorí kò bìkítà.

Kò da ọ̀kankan nù. Ó lè ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ra bàtà. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ó kó wọn láti Kùmásì wá sílé ní 1969 nínú ẹrù tí kò tó nǹkan, ó tún kó wọn padà lọ, ó tún kó wọn bọ̀. Mo rò pé bí kò ṣe mọ̀wé, ibẹ̀ ló ti ń kà mí, ọdún kan sí òmíràn. Ìyẹn kọ́ ni kó mú èèyàn sunkún bí mo ṣe sunkún, ṣùgbọ́n mo sun ún.

Agogo márùn-ún

Inú rere tó wà nínú ìdì yẹn ló mú kí n béèrè ohun tí mo ti ń gbé kiri látìgbà èwe. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1972, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Acheampong gbàjọba lọ́wọ́ Busia, ìròyìn sì dé ilé pé ilẹ̀ Gánà ti rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Bàbá wa kò lọ mọ́; oko ló mú ṣe. Ìyá wa lọ. Ó pọn àbúrò mi ọkùnrin tó ṣì ń mu ọmú, ó fa àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́, ó fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi ni pé Ìyá ló kọ̀, pé Ìyá ní òun kò ní fi mí sílẹ̀ fún un.

Mo ní, “Ìyá Ìkìrun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìyá ló ní kí n má lọ?”

Kò yára dáhùn. Ó tún ìró rẹ̀ ró. “Ìyá wa kò kọ̀,” ló wí. “Ìyá ti di ẹrù rẹ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò béèrè rẹ. Mo bi í, ó ní o kò mọ òun, pé bí òun bá mú ọ lọ, o ó máa wo òun bí ẹni tó jí ọ gbé.”

Àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ìyá wa. Mo ní kó má bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bó ṣe wà. Ó tọ́jú ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ mi, kò sì mú mi dání nígbà tó lè mú mi. Ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì. Mi ò ní fi ọ̀kan pa ìkejì rẹ́.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Páànù kẹta, káàdì owó ìjọ ló kún un, ti Kùmásì, ọdọọdún. Àbúrò wa ọkùnrin mú ọ̀kan síbi iná, ó kà á, ó sì yíjú sí mi: “Àǹtí mi, orúkọ yín ló wà níbí.”

Òun ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́: “Ìyá”, tẹ̀ lé e ni orúkọ mi. Gbogbo káàdì náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe abiyamọ níbi gbogbo tí Yorùbá bá wà. Ṣùgbọ́n Ìyá Gánà ni gbogbo Ìréè ń pè é, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ibì kan wà tí orúkọ mi ti ń dún lójoojúmọ́, níwájú ìsọ̀ aṣọ, lẹ́nu àwọn tí kò rí mi rí.

Àbúrò mi obìnrin ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Èmi ni mò ń gbé ẹrù tẹ̀ lé e lọ sọ́jà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè. Bí àlejò bá dé, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, ‘Ìwọ ni?’ Màmá á ní, ‘Rárá, èyí kọ́. Ẹni yẹn wà nílé.’ Gbogbo ìgbà ni ‘èyí kọ́’.”

Mi ò mọ̀ pé ohun kan wà tí òun náà ń gbé kiri. Mo dìde, mo lọ jókòó tì í.

Agbẹ́kùúta ti ń pe àbúrò wa ọkùnrin láti ọ̀sán, ó fẹ́ mọ ohun tí òun máa kọ sójú oórì. Ìyá Ìkìrun ní kí n sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n má kọ Ìyá Gánà. Mo ní kí wọ́n má fi orúkọ mi pè é, kí wọ́n má fi orúkọ ọmọ kankan pè é. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àti oríkì rẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ oríkì náà. Ìyá Ìkìrun pè é fún wa, àbúrò wa ọkùnrin kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á padà fún un kó má baà ṣì í.

Ó béèrè bóyá kí wọ́n fi “abiyamọ tòótọ́” sí i. Àbúrò mi obìnrin ní kí wọ́n fi sí i. Èmi ní kí “oníṣòwò” ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ Kùmásì pọ̀ mọ́ Ìréè. A fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ó sì pe agbẹ́kùúta padà kí ilẹ̀ tó ṣú.